Bí Ẹfúnyẹmí Ṣe Bọ́ Ọkọ̀ Tí Ó Ń Sùn

Àìlò ní í mú ọkọ́ dógùn-ún.
Àìdélé ní í sọ ìbátan di àlejò.
Iná tí a fi eérú bò, òun ní í mọ́jú.

Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n yẹ ọ̀nà wò fún Ẹfúnyẹmí, aya Ògúnṣakin, ní ọjọ́ tí ó ń sunkún nítorí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ń kú lọ ní ẹ̀yìnkùlé òun.

Ẹ̀yin ọmọ awo, ìtàn yìí kì í ṣe ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ojú mi ni ó ṣe. Ìdí Ìyá Fágbèmí, ìyánífá ìlú Ìpólé-Odò, ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí obìnrin náà wọlé.

Awakọ̀ ni Ògúnṣakin. Ìdílé ọlọ́dẹ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò gbé ìbọn rí. Ìdí ọkọ̀ ni ó ti ń jẹun. Láàárọ̀, á kó èrò láti Ìpólé-Odò lọ sí Àgbéde, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Nírọ̀lẹ́, á kó wọn padà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó wọ aṣọ funfun kì í bẹ̀rù láti jókòó sínú rẹ̀.

Nítorí ìwà kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ṣe ń bá a wí. Kì í fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kì í fún àbúrò, kì í fún ọ̀rẹ́. Ẹfúnyẹmí tí ó bí Àrìnọlá fún un kò jókòó sí àyè awakọ̀ rí. Bí wọ́n bá bi Ògúnṣakin léèrè, á ní, "Ọkọ̀ ẹni dà bí orín ẹnu ẹni. A kì í fi yá ènìyàn."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ìjì ṣí páànù ilé rẹ̀. Ó gun orí ilé láti kàn án. Igi tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀ dá. Ó já lulẹ̀, eegun itan rẹ̀ sì kán. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé Ìjàkùn, sọ́dọ̀ àgbà kan tí ń to eegun. Àgbà náà fọwọ́ kan itan náà, ó mi orí. Ó ní eegun náà yóò jọ, ṣùgbọ́n kò ní í tètè jọ. Ó ní àgbàdo tí wọ́n ń gbìn lọ́wọ́ yóò gbó, wọn yóò yà á tán, ọyẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kí ọkùnrin náà tó lè fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́.

Kí wọ́n tó gbé Ògúnṣakin kúrò nílé ni ó ti ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá fún òun. Nígbà tí ó dé Ìjàkùn, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni ó fi í sí. Ọkọ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi tapolín bò ó.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni Ẹfúnyẹmí ń ṣe. Ààrò amọ̀ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ tí ó fi ń yan án. Ó ń yan búrẹ́dì, ó ń lọ sí Ìjàkùn, ó ń bọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó tọ Ìyá Fágbèmí wá.

Ó ní, "Ìyá Awo, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo wá béèrè. Ṣé yóò tún fi rìn?"

Ìyá Fágbèmí wo ohun tí Ifá sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, ẹni méjì ni ó dùbúlẹ̀ nínú ilé rẹ. Ọ̀kan ń kérora. Èkejì kò ní ẹnu tí yóò fi kérora. Èyí tí ń kérora yóò dìde. Nítorí èkejì ni àyà mi ṣe ń já."

Ẹfúnyẹmí ní, "Kò yé mi, mà. Èmi àti Àrìnọlá nìkan ni a wà nílé, ara wa sì le."

"Kí ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín?"

Ẹfúnyẹmí ronú. Ó dárúkọ igi ìdáná. Ó dárúkọ ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àfi ọkọ̀ bàbá Àrìnọlá."

Ìyá Fágbèmí ní, "Òun náà ni. Inú bátìrì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ẹ̀mí náà sì ń jò lọ bí omi inú ìkòkò tí ó sán. Ẹbọ ni kí ẹ rú. Ìwọ, mú ẹyẹlé méjì wá, àti obì àti omi tútù. Din àkàrà, kí o pín in fún àwọn aládùúgbò. Ẹbọ ti ọkọ rẹ yàtọ̀ sí tìrẹ. Kọ́kọ́rọ́ tí ó fi sábẹ́ orí ni Ifá ń béèrè. Kí ó fi lé ọ lọ́wọ́. Kí ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bátìrì, kí ó kọ́ ọ bí a ti ń bọ́ ọkọ̀ tí ó ń sùn kí ebi má bàa pa á. Bí ó bá yè, yóò fa ọkọ rẹ dìde."

Ẹfúnyẹmí rú tirẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó pín àkàrà títí dé ilé ẹni tí wọn kò jọ ń kíra. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Ìjàkùn, ó sì jíṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ògúnṣakin rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé aya òun kò bá òun rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ le.

Ó ní, "Ìyá Àrìnọlá, ṣé Ifá náà ti wá di mẹkáníìkì ni? Ọkọ̀ kì í ṣe ewúrẹ́. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, kí ni yóò jẹun fún? Jẹ́ kí ó sinmi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe wàhálà."

"Wọ́n ní kí ẹ kàn fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ni."

"Kí o fi ṣe kí ni? Ìwọ tí o kò mọ ìjánu tí ń dá ọkọ̀ dúró yàtọ̀ sí iná tí ń mú un sáré?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹfúnyẹmí. Ó fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, ó gbé oúnjẹ tì í, ó sì padà sílé ní ọwọ́ òfo. Bí Ògúnṣakin ṣe pe ìmọ̀ràn awo ní àwàdà nìyẹn. Ó da ọ̀rọ̀ ẹbọ sẹ́yìn, ó sì fi orí lé kọ́kọ́rọ́, ó sùn.

Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Àgbàdo hù, ó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Làmídì, ọkùnrin tí ń ṣe iṣẹ́ bátìrì ní gáréèjì Ìpólé-Odò, lọ kí Ògúnṣakin ní Ìjàkùn. Ó mú ìròyìn dání. Ó ní Ọ̀jẹ́dìran, alága ẹgbẹ́ awakọ̀, ti kéde pé nígbà ọyẹ́ ni wọn yóò tún ìlà gáréèjì tò. Ọkọ̀ tí ó bá fúnra rẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà yóò di àyè rẹ̀ mú. Èyí tí wọ́n bá tì wọlé yóò lọ sí ìdí ìlà. Èyí tí kò bá dé rárá, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

Ògúnṣakin fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Àyè tí baba ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní ìwakọ̀ fi sílẹ̀ fún ọ̀gá náà, tí ọ̀gá náà fi sílẹ̀ fún un, ni wọ́n ń sọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Làmídì, lọ bá mi tan ọkọ̀ wò. Kí o dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi o."

Làmídì dé ilé náà, ó ká tapolín kúrò. Eruku ti bo gíláàsì, aláǹtakùn ti ta sí ara dígí ẹ̀gbẹ́. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i. Kò sí ohùn kankan. Iná kékeré tí ó máa ń pọ́n níwájú awakọ̀ kò tilẹ̀ pọ́n. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hù sí orí bátìrì. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣájì. Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òfìfo ni ó bá a.

Ó padà wá bá Ẹfúnyẹmí, ó ní, "Ìyá Àrìnọlá, ó ti kú. Aago kékeré inú ọkọ̀ yẹn ń mu ún, álàámù ń mu ún, díẹ̀díẹ̀ ni, lójoojúmọ́ ni. Nígbà tí ó gbẹ tán, inú rẹ̀ le. Kò lè gba oúnjẹ mọ́."

Ẹfúnyẹmí fúnra rẹ̀ ni ó mú kọ́kọ́rọ́ náà padà lọ sí Ìjàkùn. Nígbà tí Ògúnṣakin gbọ́, ó kọjú sí ògiri. Àgbà tí ń to eegun sọ fún Ẹfúnyẹmí lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fẹ́ na ẹsẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó dìde dúró díẹ̀, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó ń sọ pé bí ọkọ̀ òun ṣe lọ ni ẹsẹ̀ òun yóò ṣe lọ.

Ẹfúnyẹmí gbọ́ èyí, ẹ̀rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún sáré tọ Ìyá Fágbèmí wá. Mo ṣì rántí bí ó ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí kò lè jókòó.

Ó ní, "Ẹ dárí jì wá, mà. A kò rú u nígbà tí ẹ ní kí a rú u. Ṣé ó ti bọ́?"

Ìyá Fágbèmí ní, "Ta ni ó ní ó bọ́? Ẹbọ tí a kò tètè rú kì í ṣe ẹbọ tí a kò lè rú mọ́. Ohun tí Ifá béèrè nígbà yẹn náà ni ó ń béèrè. Lọ sọ fún un."

Ó lọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ bí ó ṣe kọjú sí ògiri. Ó jókòó tì í.

Ògúnṣakin ní, "O ti sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ohun tí o wá sọ nìyẹn."

"N kò wá sọ pé mo ti sọ. Mo wá gba kọ́kọ́rọ́ ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ó ti kú?"

"Bátìrì ni ó kú, bàbá Àrìnọlá. Ọkọ̀ kò kú. Ẹ̀yin náà kò kú."

Ọkùnrin náà yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó wò ó bí ẹni tí ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ aya rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka obìnrin náà dé lórí rẹ̀. Báyìí ni Ògúnṣakin ṣe rú ẹbọ tirẹ̀. Kì í ṣe ẹbọ kékeré. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè mọ bí ó ti wúwo tó.

Ẹfúnyẹmí kó àjọ rẹ̀ tí ó fẹ́ fi mọ ààrò tuntun, ó fi ra bátìrì. Làmídì gbé e sínú ọkọ̀, ó sì ń kọ́ ọ.

"Wáyà dúdú yìí, bí ọkọ̀ kò bá ní í jáde, ẹ kọ́kọ́ tú u kúrò lórí bátìrì. Kò ní í sí ohun tí yóò máa mu ún. Bí nǹkan funfun bá tún hù lórí rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po káún sínú omi gbígbóná, ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí omi náà kán sínú rẹ̀ o. Ẹ má sì tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tún pa á. Títàn yẹn gan-an ni ó ń gba agbára jù. Bí ẹ bá jí i, ẹ jẹ́ kí ó rìn jìnnà, kí ó lè dá ohun tí ó jẹ padà."

Ẹfúnyẹmí ní, "Ta ni yóò wà á tí yóò fi rìn jìnnà?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó wọlé jókòó sí àyè awakọ̀. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni Làmídì ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gun òkìtì yanrìn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sinmi. Kò pẹ́ tí ó fi lè wà á yí ìlú ká, ó sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní Àgbéde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ògúnṣakin dùbúlẹ̀ ní Ìjàkùn, ó gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ó gbé orí sókè. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Awakọ̀ kì í ṣi ohùn ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ó gbá ògiri mú, ó di ọ̀pá mú, ó dìde. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó dìde. Nígbà tí ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì rí aya rẹ̀ tí ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ta ni ó wà ọ́ wá?"

"Èmi ni mo wa ara mi wá."

Ó wo ọkọ̀. Ó wo Ẹfúnyẹmí. Ohun tí ó sọ jáde ni, "O kì í tẹ kúlọ́ọ̀ṣì délẹ̀ bí o bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Mo ń gbọ́ ọ láti òkèèrè."

Gbogbo àwọn aláìsàn tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń na ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí ó máa nà án.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ire kì í wá kí ó má dán ni wò. Òjò àrọ̀kúrò ọdún náà pọ̀. Odò kún, ó gbé afárá lọ. Ọkọ̀ kankan kò lè jáde ní Ìpólé-Odò mọ́. Gbogbo awakọ̀ gbé ọkọ̀ wọn sílé, wọ́n ń retí kí ìjọba tún afárá ṣe. Ọkọ̀ Ògúnṣakin náà padà sábẹ́ tapolín.

Ẹfúnyẹmí tú wáyà dúdú. Bátìrì tí a kò so mọ́ nǹkan náà a máa rù bí ó bá pẹ́, nítorí náà ó ń gbé e lọ fún Làmídì láti ìgbà dé ìgbà, kí ó fi sólà orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rọra bọ́ ọ. Bároò ni ó ń fi gbé e la àárín ìlú kọjá. Àwọn obìnrin ìdí kànga a máa bi í pé, "Ẹfúnyẹmí, ṣé ara ọmọ ti yá?" Òmíràn á ní, "Orúkọ wo ni ẹ sọ ọ́?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń ti bároò rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Òjò ń rọ̀, ara rẹ̀ gbóná, búrẹ́dì rẹ̀ sì ti jó. Ó wo bátìrì náà nílẹ̀, ó ní, "Lónìí, ìwọ náà gbààwẹ̀." Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ fẹ́ pa dé, ó rántí ojú ọkọ rẹ̀ bí ó ṣe kọ sí ògiri. Ó dìde. Ó fi ọ̀rá bo bátìrì, ó fi òmíràn bo orí ara rẹ̀, ó sì ti bároò jáde sínú òjò.

Òjò lọ, wọ́n tún afárá ṣe, ọyẹ́ dé. Ògúnṣakin ti padà sílé. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le tó èyí tí a fi ń wakọ̀. Ọjọ́ títún ìlà tò pé. Òtútù mú púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu bo gbogbo òrùlé. Ẹfúnyẹmí gbé bátìrì sí àyè rẹ̀, ó de wáyà méjèèjì le. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Ẹ tan án."

Ògúnṣakin mi orí. Ó rọra lọ jókòó sí àyè èrò. "Ẹni tí ó bọ́ ọ ni ó mọ orúkọ tí yóò fi pè é. Jí i."

Ẹfúnyẹmí yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́, kò fà. Ògúnṣakin gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ibi tí ó jókòó sí, ó ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní gáréèjì, ariwo pọ̀. Òtútù ti ba ọ̀pọ̀ bátìrì tí ebi ti ń pa láti ìgbà òjò jẹ́. Àwọn kan ń ti ọkọ̀ wọn bọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn kan kò tilẹ̀ dé. Ọkọ̀ Ògúnṣakin wọlé, obìnrin ni ó sì jókòó sídìí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn yíjú sí wọn.

Ọ̀jẹ́dìran alága súnmọ́ fèrèsé. Ó ní, "Ògúnṣakin, kí ni èyí? Ìyàwó rẹ ni yóò wá máa kó èrò?"

Ògúnṣakin ní, "Alága, ẹ kò pe awakọ̀. Ọkọ̀ ni ẹ pè. Ọkọ̀ ti dé, ẹnikẹ́ni kò sì tì í."

Alága wo àwọn tí ń ti ọkọ̀ bọ̀. Ó wo Ẹfúnyẹmí tí kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ wọlé sí àyè yín."

Títí ẹsẹ̀ Ògúnṣakin fi le pátápátá, Ẹfúnyẹmí ni ó ń wa ọkọ̀ náà lọ sí Àgbéde. Àwọn aboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn a máa dúró dè é, wọ́n ní kì í já ọkọ̀ lu kòtò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà sí iṣẹ́, àárọ̀ di tirẹ̀, ọ̀sán di ti Ẹfúnyẹmí. Búrẹ́dì rẹ̀ dé Àgbéde, ó sì fi èrè rẹ̀ mọ ààrò tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tọkọtaya náà kó ẹ̀bùn wá sọ́dọ̀ Ìyá Fágbèmí. Ògúnṣakin jó pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ń yin awo. Ìyá Fágbèmí ń yin Ifá. Ifá ń yin Olódùmarè. Orin tí wọ́n dá nìyí:

Ohun tó dákẹ́ kọ́ ló kú,
Àìbojútó ní í pa á.
Mo gbọ́ rírú, mo pẹ́ kí n tó rú,
Ọ̀nà kò dí mọ́ mi.
Mo gbọ́ ìmọ̀ràn, mo padà gbà á,
Ire wọlé tọ̀ mí wá o,
Ire wọlé tọ aya mi.

Ẹ̀yin ọmọ awo, ohun tí Ifá fẹ́ kí a mọ̀ nìyí. Kì í ṣe ẹyẹlé àti obì nìkan ni ẹbọ. Ohun tí ọwọ́ ẹni kò fẹ́ jọ̀wọ́ náà, ẹbọ ni. Wíwá padà lọ́jọ́ òjò náà, ẹbọ ni. Ẹni tí ó bá ní ohun kan tí ó ti pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó dìde lọ wò ó. Bí ó bá pè é tí kò dáhùn, kí ó má tíì ké igbe òkú. Kí ó wá ohun tí ó ń jẹ, kí ó fún un, kí ó sì ní sùúrù. Ẹni tí ó bá rú u, tí ó sì gba ìmọ̀ràn, ire kò ní í jìnnà sí ilé rẹ̀. Àṣẹ.